Orúkọ Kan Ṣoṣo: Ìfìdírẹmi Mẹ́ta ní Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, mo wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé aláwọ̀ ewé nínú ìdíje ilé ìwé wa. Ẹ̀yìn ni mo ń gbá. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, kò tíì sí ẹni tó gbá góòlù wọlé. Ọmọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́ pápá, mo fò sókè, mo fi orí kàn án kí ó lè jáde. Kò jáde. Àwọ̀n tiwa ló wọ̀. Kí n tó délé ní Múṣin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi ti ròyìn fún gbogbo ilé. Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, gbé ojú sókè láti orí àga wọn, wọ́n ní, "Odiye, ṣé o ti dé?"

Gbogbo àwọn àgbà tó wà ní pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Odiye. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yìí ti lẹ̀ mọ́ mi. Bí mo bá fọ́ àwo, Odiye ni. Bí mo bá gbàgbé láti ra ṣúgà bọ̀, Odiye ni. Nígbà tí olùkọ́ ìtàn wa ní kí oníkálukú kọ̀wé lórí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kí wọ́n tó bí wa, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ń pè mí, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bi tí wọ́n dì rù ú tọ́ sí i.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo bi bàbá àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ta ayò, bàbá mi, àti bùrọ̀dá tó ń gẹ irun fún wa: "Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ti na ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn, èwo ló dùn yín jù?" Kò sí ẹni tó ronú pẹ́. Bàbá àgbà ní ti ọdún 1977 ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ní ti ọdún 1984 ni. Bàbá mi ní ti ọdún 2000 ni. Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó dárúkọ Àkírà.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá ní ká fi iye góòlù wọn ìfìdírẹmi, Àkírà ló yẹ kí ó ṣíwájú. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1955, Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà, na Nàìjíríà ní góòlù 7 sí òdo ní Àkírà. Títí di òní, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó nà wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sunkún rẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn wa kọ́ ló ṣe, ìlú olómìnira kọ́ la jẹ́ nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n kò sì tíì dé. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Góòlù méje náà wà nínú ìwé, kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Góòlù kan ṣoṣo ti ọdún 1977 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyí: iye góòlù kọ́ ni ìwúwo ìfìdírẹmi. Ibi tí ìrètí ènìyàn dé kó tó já ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Kí a tó lè mọ bí ìrètí náà ṣe ga tó, ó yẹ kí a mọ pápá náà fúnra rẹ̀. Kò jìnnà sí ilé wa. Ẹni tó bá gba Agége Motor Road láti Múṣin, tó kọjá Ìdí-Orò, tó dé Ojúẹlẹ́gba, tó tún kọjá Barracks, yóò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn àgbà ń pè ní Western Avenue, tí orúkọ rẹ̀ ti di Funsho Williams Avenue. Wọ́n kọ́ ọ fún Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó wáyé ní Èkó ní oṣù Kìíní, ọdún 1973. Ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà. Nàìjíríà na Gínì ní góòlù 2 sí òdo nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù, a sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Àwọn tí wọ́n ti ń wo ara wọn bí ọ̀tá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn jọ pariwo "góòlù" lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá àgbà sọ pé láti ìgbà náà ni àwọn ará Èkó ti gbà pé kò sí ẹni tó lè wá nà wá ní Sùúrùlérè. Ilé wa ni. Ẹni tí wọ́n bá sì nà nílé rẹ̀, ibo ni yóò sá lọ?

Ọdún 1977 wọlé pẹ̀lú ariwo. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé, wáyé ní Èkó láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejì. Owó epo rọ̀bì ń wọlé. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìkan ló dà bí ibi tí a kò tíì dé. Ti ọdún 1978 yóò wáyé ní Ajẹntínà, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún ilẹ̀ Áfíríkà láàyè láti mú wá. Nígbà tí wọ́n gbá a títí, ó ku mẹ́ta: Tùnísíà, Íjíbítì àti Nàìjíríà. Oníkálukú yóò bá èkejì gbá nílé àti lóde. Àmì 2 ni ẹni tó bá borí yóò gbà, bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba àmì 1.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, a gbá ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Tùnísíà lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, a na Íjíbítì ní góòlù 4 sí òdo ní Èkó. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Íjíbítì gbẹ̀san ní Káírò, wọ́n nà wá ní 3 sí 1. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Tùnísíà wá bá wa ní Sùúrùlérè, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá.

Bàbá àgbà kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti Múṣin láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú búrẹ́dì àti àkàrà nínú báàgì. Wọ́n ní pápá kún débi pé ẹni tó bá dìde láti tọ̀ kò ní rí ibi jókòó mọ́. Emmanuel Okala ni aṣọ́lé wa, ọkùnrin tó ga bí ọ̀pẹ. Godwin Odiye wà lára àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n gbá a lọ gbá a bọ̀, àwọn ará Tùnísíà gbá bọ́ọ̀lù kan wá sí iwájú ilé wa. Odiye fò láti fi orí gbá a jáde. Bọ́ọ̀lù náà kọjá Okala, ó wọ àwọ̀n wa.

"Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n," bàbá àgbà sọ fún mi. "Gbogbo ìgbà tí mo ti ń lọ sí pápá yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Ariwo kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni eré ṣe parí: Nàìjíríà òdo, Tùnísíà 1. Wọ́n ní láti Barracks títí dé Ìdí-Orò, àwọn mẹ́rin rìn láìsọ̀rọ̀. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò tilẹ̀ pe èrò. Tùnísíà ló lọ sí Ajẹntínà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n na Mẹ́síkò ní góòlù 3 sí 1, wọ́n sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Bàbá àgbà gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n sì pa rédíò náà. Ọdún 1994 ni Nàìjíríà tó dé ibi tí à ń lọ ní 1977. Ní gbogbo ọdún mẹ́tàdínlógún náà, bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ ní òpópónà, orúkọ kan ni wọ́n ń pè é.

Mo kọ gbogbo èyí sílẹ̀, mo gbé e lọ fún olùkọ́ wa. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ohun tí bàbá rẹ àgbà rántí lo kọ. Ìtàn ńkọ́? A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Wọ́n ní kí n kọ èsì eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Mo wá wọn rí. Eré méjì ló kù lẹ́yìn tiwa. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, Íjíbítì na Tùnísíà ní 3 sí 2 ní Káírò. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, Tùnísíà na Íjíbítì ní 4 sí 1 nílé wọn. Ní ìparí, Tùnísíà ní àmì 5, Íjíbítì ní 4, Nàìjíríà ní 3.

Olùkọ́ wá ní, "Ó dáa. Pa góòlù Odiye rẹ́, kí o tún un ṣírò."

Mo pa á rẹ́. Mo jẹ́ kí eré Sùúrùlérè di ọ̀mì, mo fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àmì Nàìjíríà di 4. Ti Tùnísíà náà di 4. Íjíbítì ti ní 4 tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa di ọgbọọgba! Mo wá yọ iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé wa kúrò nínú iye tí àwa gbá wọlé: 5 ni a gbá, 3 ni wọ́n gbá wọlé wa, ó ku 2. Mo ṣe bákan náà fún Tùnísíà: 6 ni wọ́n gbá, 4 ni wọ́n gbá wọlé wọn, ó ku 2. Wọ́n tún fi góòlù kan jù wá lọ nínú iye tí wọ́n gbá wọlé. Ìyẹn ni pé bí Odiye kò tilẹ̀ ṣe àṣìṣe náà rárá, a kò tíì lè sọ pé a ti dé Ajẹntínà.

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ì bá rí. Ẹgbẹ́ tó gbá ọ̀mì ní Èkó lè gbá bọ́ọ̀lù ọ̀tọ̀ nígbà tó bá dé Káírò. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà fi ohun kan hàn mí kedere. Ká ní a borí Tùnísíà nílé wa ni, àmì 5 ni à bá ní, àmì 3 ni wọn ì bá ní, a ò bá sì ti lọ. Kí a tó lè borí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbá góòlù wọlé. Ìṣẹ́jú 180 ni a fi bá Tùnísíà gbá bọ́ọ̀lù, 90 lọ́hùn-ún, 90 níbí. Nínú ìṣẹ́jú 180 náà, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wọn. Àwọn tó ń gbá iwájú pọ̀ ju ẹnìkan lọ, wọ́n sì wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Kò sí ọmọ kankan ní Múṣin tí wọ́n fi orúkọ wọn bú nítorí pé kò gbá góòlù wọlé. Ẹni tó ṣe àṣìṣe ni a ń rántí. Ẹni tí kò ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe, a kì í rí i.

Lẹ́yìn èyí ni mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá àgbà tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló da àwọn méjèèjì pọ̀, òun náà ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Stationery Stores ti Èkó ni bàbá àgbà ń ṣe, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ máa ń kígbe "Up Super!" ká gbogbo Yàbá àti Sùúrùlérè. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ọ̀rẹ́ wọn ń ṣe. Ní ọdún 1976, Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1981, Stores náà dé àṣekágbá ìdíje yẹn kan náà, ṣùgbọ́n Union Douala ti Kamẹrúùnù fi góòlù 2 sí 1 borí wọn nígbà tí wọ́n ro eré méjèèjì pọ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Bàbá àgbà ní, "Sọ tìẹ náà."

Tiwọn ni ti ọdún 1984. Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì ni wọ́n sì bá pàdé. Segun Odegbami, tó gbá góòlù méjì sínú àwọ̀n Àlùjíríà nínú àṣekágbá ọdún 1980 ní Sùúrùlérè, wà níbẹ̀. Rashidi Yekini, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, wà níbẹ̀. Zamalek na Shooting Stars ní 2 sí òdo ní Káírò. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, wọ́n wá sí Èkó. Àwọn mọ́tò tó kún fún èrò Ìbàdàn wọ Sùúrùlérè, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé góòlù méjì kò tó nǹkan nílé. Zamalek tún gbá ọ̀kan wọlé. Ó di 3 sí òdo lápapọ̀.

Mo béèrè pé, "Ta lẹ dá lẹ́bi, bàbá?" Bàbá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Wọn ò gbá a dáadáa." Bàbá àgbà ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ni. Ẹnì kẹta tó ń wo ayò wọn ní aṣọ́lé ni. Wọ́n ń jiyàn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ìfìdírẹmi ọdún 1984 kò ní orúkọ kan tí wọ́n lè fi kọ́ ọ sí ara ògiri, nítorí náà wọn kò tíì jiyàn rẹ̀ tán. Mo ṣàkíyèsí pé ìyẹn dára ju ti 1977 lọ. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn, wọ́n ṣì ń wádìí.

Lójijì ni bàbá àgbà sọ pé, "Ìgbà kan wà tí a borí, tó sì burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ." Ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989 ni. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè, kí wọ́n lè lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Ítálì. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, agbẹjọ́rò tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, nígbà tí eré ti lé ní ìṣẹ́jú 70. Kò dìde mọ́. Àwọn òǹwòran kan náà kú nínú pápá lọ́jọ́ náà nítorí èrò tó pọ̀ jù. Góòlù 1 sí òdo la fi borí. Kò sí ẹni tó rántí ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Kamẹrúùnù nà wá ní 1 sí òdo ní Yaoundé, a kò sì lọ sí Ítálì. Bàbá àgbà kò mọ ẹni tó gbá góòlù Kamẹrúùnù. Wọ́n mọ ibi tí Okwaraji ṣubú sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ agbábọ́ọ̀lù kan láìbú u àti láìyìn ín. Wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ ni, wọ́n sì mi orí.

Ti bàbá mi ni ó gbẹ̀yìn. Nàìjíríà àti Gánà ló jọ gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Simbábúwè. Àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ní Sùúrùlérè, àwa àti Kamẹrúùnù. Kamẹrúùnù yìí kan náà ló ti borí wa nínú àṣekágbá ọdún 1984 àti ti 1988. Bàbá mi kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Yàbá ni wọ́n ti wò ó, ogójì ènìyàn nínú yàrá kan, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Kí ìṣẹ́jú 35 tó pé, Samuel Eto'o àti Patrick Mboma ti gbá góòlù méjì wọlé wa. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Jay-Jay Okocha dá èkejì padà nígbà tí ìlàjì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn kò mọ ìgbà tí àwọn fọ́ àga méjì nínú yàrá náà. Ó dúró sí 2 sí 2, ó sì di pẹnárítì.

Victor Ikpeba gbá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà lu igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì tún jáde. Àwọn tó tún fídíò rẹ̀ wò ní ó ti kọjá ìlà. Rẹfirí, tó jẹ́ ọmọ Tùnísíà, ní kò wọlé. (Nígbà tí bàbá àgbà gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Tùnísíà náà ni?") Ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, Kamẹrúùnù fi 4 sí 3 gba ife náà.

"Ikpeba," ni bàbá mi sọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ṣe máa ń sọ "Odiye." Mo béèrè pé, "Ikpeba nìkan ni kò gbá a wọlé ni, Dádì?" Wọ́n ronú. "Rárá. Aṣọ́lé mú ti Kanu náà." Ta ló wá ń fi orúkọ Kanu bú ọmọdé? Kò sí. A kì í gbàgbé góòlù méjì tí Kanu gbá sínú àwọ̀n Brazil ní Òlíḿpíìkì ọdún 1996, a sì fi ìyẹn bo èyí mọ́lẹ̀. Ikpeba náà wà nínú ẹgbẹ́ tó gba wúrà nínú Òlíḿpíìkì yẹn kan náà, òun sì ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 1997. A kò fi ìyẹn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ìdí kan pàtó. Bí ìrántí ṣe máa ń yan ènìyàn nìyẹn: a ní ẹ̀bi kan lọ́wọ́ tó wúwo, a ń wá ẹni tí yóò bá wa rù ú, ẹni tó bá wà nítòsí nígbà tí ilé wó ni a máa ń gbé e lé lórí.

Bùrọ̀dá tó ń gẹ irun kò mọ̀ nípa gbogbo ìwọ̀nyí. Arsenal ni ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n ní ọjọ́ tó dun àwọn jù ni ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, nígbà tí Manchester United nà wọ́n ní góòlù 8 sí 2. Oníbàárà kan tó wà lórí àga, tó jẹ́ ti Manchester United, ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí tí bùrọ̀dá fi rán an létí ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 2023, nígbà tí Liverpool nà wọ́n ní 7 sí òdo. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, onítọ̀hún náà rẹ́rìn-ín. Mo kíyè sí i pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò sí ní pálọ̀ wa tí wọ́n bá dárúkọ Tùnísíà. Góòlù mẹ́jọ tó ṣẹlẹ̀ ní Manchester fúyẹ́ ju góòlù kan tó ṣẹlẹ̀ ní Sùúrùlérè lọ. Lẹ́yìn náà, Arsenal tún wà níbẹ̀, wọ́n tún ń gbá.

Stationery Stores kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 1992, lẹ́yìn náà ni ìjà lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì rọra pòórá lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Pápá Sùúrùlérè pàápàá, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èyí tó wà ní Àbújá, wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo bi bàbá àgbà léèrè pé èwo ló dun àwọn jù gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Stores, ọ̀rọ̀ Union Douala kọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n nà lónìí lè borí lọ́la. Àwa kò ní ọ̀la." N kò rí orúkọ ẹnìkan tí wọ́n fi ń bú ọmọdé nítorí ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló pa á, ibi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá sì wà, kò sí ẹni tí à ń pè lórúkọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò ni ìtàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wò ó dáadáa, kí ó wo gbogbo ọ̀nà tí ó gbà kọjá, kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo tó fẹsẹ̀ kọ. Bí a bá ń fi orúkọ ẹnìkan sọ ìtàn ìfìdírẹmi wa, a kò ní mọ ohun tó nà wá, ohun náà yóò sì tún nà wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo parí àròkọ yìí, mo gbé ìwé ìṣirò náà síwájú bàbá àgbà. Wọ́n wọ awò wọn. Wọ́n ka èsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tún ìṣirò náà ṣe fúnra wọn ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú," ni wọ́n sọ. "A kò gbá ọ̀kan ṣoṣo wọlé wọn?"

Mo ní, "A kò gbá a, bàbá."

"Ó ṣì ń dùn mí, ṣé o gbọ́."

Wọn kò dẹ́kun pípè mí ní Odiye. Ṣùgbọ́n báyìí, tí àlejò bá wà nílé, tó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ náà, bàbá àgbà máa ń gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n á ní, "Dúró ná, má tíì rẹ́rìn-ín. Odiye, lọ mú ìwé yẹn wá."